Ọ̀pá Ìwọ̀n Inú Òjòlá

Ọdún tí wọ́n ri ọ̀pá irin mọ́ ìsàlẹ̀ odò Òjòlá,
eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká.
Ẹnjiníà mẹ́ta ló gòkè wá láti Iléṣà,
bàtà wọn ń mu omi, ojú wọn ń mu àpáta.
Wọ́n ní bí òkè bá ga, tí omi sì mọ bí a ti í já,
iná wà nínú rẹ̀ bí epo ti í wà nínú ẹyìn.
Bàbá mi, Fádáhùnsi, tó ń la pákó tẹ́lẹ̀,
ni wọ́n fún ní báírò kan, ìwé onílà kan,
àti náírà mẹ́wàá lóṣù:
láàárọ̀, kà á. Lálẹ́, kà á. Kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó kà á.
Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí àbúrò mi: mẹ́tàlélógójì.
Àárọ̀ ọjọ́ tí a sin ín: mẹ́tàlélọ́gọ́ta, òjò Ọ̀wẹwẹ̀.
Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ náà.
Nọ́ńbà nìkan, àti ibi tí ẹnu báírò ti lu ìwé já.

Lóṣù kẹsàn-án, owó dá.
Ìjọba yí, ọ́fíìsì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.
Ará Iléṣà ní fáìlì Òjòlá wà ní Ìbàdàn,
ará Ìbàdàn ní ó ti lọ Èkó,
ará Èkó wò ó títí: "Òjòlá wo?"
Bàbá mi padà dé, ó bọ́ bàtà,
ó ká ṣòkòtò dé orúnkún,
ó wọ odò lọ kà á.

Ìyá mi bínú: "Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"
Ó ní, "Odò kọ́ ló jẹ mí lówó."

Lálẹ́, láti orí àpáta, à ń wo Iléṣà
bí ẹyin iná tí ẹnìkan dà sínú àfonífojì.
Uná, ni ìyá àgbà ń pè é, uná àwọn ará ìsàlẹ̀.
Ó ní, bí a bá lọ yá a, ta ni yóò gbé e gòkè?
Kẹrosíìnì tán. A sùn.

Èrèlé tó kọjá ni Jọláadé dé,
ọmọbìnrin ẹnjiníà, ó pọn kọ̀ǹpútà bí ọmọ.
Kò béèrè bí òkè ti ga tó; ó ti rí i láti ojú sánmà.
Ó ní, "Ta ló mọ omi yìí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀?"
Mo gbé àpótí jáde:
ìwé mọ́kànlélógójì, ikán ti jẹ mẹ́ta,
eku ti fi ọ̀kan tẹ́ ibùsùn fún ọmọ rẹ̀.
Ó jókòó sílẹ̀, ó ń ṣí i.
Ilẹ̀ ṣú, ó ń fi iná fóònù ṣí i.
Nígbà tó dé Ẹrẹ́nà ọdún kan,
mẹ́jọ, mẹ́jọ, méje, méje, méje,
ó pa fóònù, ó dákẹ́ nínú òkùnkùn.

Lówùúrọ̀ ó sọ ọ́, kò fi oyin sí i:
omi yìí kò lè gbé iná dé Iléṣà láéláé.
Nígbà òjò, abúlé wa àti méjì tó tẹ̀lé e.
Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ọgbọ̀n ilé, ẹ̀rọ ìlọta kan,
àti fíríìjì tí a ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé sí.
Páìpù yóò gba àárín oko kòkó Fágbùyì kọjá.
Fágbùyì ní àádọ́ta igi ni, ẹ ka ìyẹn náà sílẹ̀.

Ẹ má bi mí bóyá wọn yóò kọ́ ọ.
Fáìlì tún ti sọ̀kalẹ̀ lọ,
fáìlì sì mọ bí a ti í sọnù.
Bàbá mi fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́.
Mo sọ fún un pé ọmọ náà ka gbogbo rẹ̀ tán.
Ó mi orí. Ó tún dákẹ́ díẹ̀.
"Ti àárọ̀ yìí ńkọ́?"

Mo ká ṣòkòtò mi dé orúnkún.