Ẹ̀wù Kékeré Lórí Koríko

Deolinda, agogo mẹ́fà kò tíì lù,
Zulmira ti wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ búrẹ́dì ní Bragança.
Ó ku èmi, ó ku Crispim,
ó ku garawa aṣọ tí ń rùn bí wàrà àná.
Mo kó gbogbo wa lọ sídìí ọpọ́n òkúta,
ọmọ nínú àpótí àjàrà tí mo tẹ́ ìrọ̀rí sí.

Omi orí òkè bu ìka mi jẹ.
Ọkàn mi ti ń lọ sílé, sí kẹ́tùlù lórí iná.
Mo wá rántí ṣẹ́ẹ̀tì mi, ọdún tí ọ̀bẹ ìkórè gé mi lọ́wọ́:
omi híhó ni mo dà sí i,
ẹ̀jẹ̀ sì jinná mọ́ ọn lára bí ẹyin.
O wò mí, o ò sọ̀rọ̀.
Ọdún mọ́kànlá lo fi ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀hún nu fèrèsé.

Nítorí náà, omi tútù ni.
Wàrà náà, ara ló ti wá bí ẹ̀jẹ̀,
iná kò gbọdọ̀ rí i.
Mo rẹ aṣọ sómi bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún,
mo fi ọṣẹ ra ọrùn ẹ̀wù,
mo fi ra ibi tí kárọ́ọ̀tì ọjọ́ Àìkú ta sí.
Ọwọ́ yìí tó ń gé igi ólífì, tó ń yí òkúta,
kò mọ bí a ṣe ń di nǹkan mú láì fún un lọ́rùn.
Bọ́tìnnì kan já.
Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bọ́tìnnì.

Balbina dé tòun ti ike bílíìṣì.
"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré," ó ní, "á funfun bí eyín."
Ó ń rùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn tí o gbà lọ.
Mo ní ẹ ṣeun, ẹ gbé e padà.
Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú...
Balbina mọ ìyókù. Ó kùn, ó lọ.

Mo sá wọn sórí koríko tọṣẹ-tọṣẹ,
bí o ti máa ń sá wọn, ojú aṣọ sí ojú ọ̀run.
Bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ, mo bu omi wọ́n wọn.
Ọmọ sùn. Ọmọ jí. Ọmọ mu ìgò.
Ewúrẹ́ Balbina wá yẹ ìbọ̀sẹ̀ wò, mo lé e.
Oòrùn ń jẹ àbàwọ́n,
kò kánjú, kò jẹ aṣọ mọ́ ọn.

Ẹ̀wù kan wà láàárín wọn tí n kò tíì sọ fún ọ.
Ìsàlẹ̀ àpótí rẹ ni mo ti rí i, lábẹ́ aṣọ tábìlì:
èyí tí o rán de Zulmira kí o tó bí i,
àmì rúsúrúsú kan láyà rẹ̀,
kò ju ewé ólífì mẹ́ta lọ.
Wàrà tìrẹ ni.
Zulmira mu ún yó, ó bì í,
ó sì fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sùn nínú òkùnkùn.

Ọjọ́ kìíní, ó ṣì pọ́n.
Ọjọ́ kejì, ó di àwọ̀ oyin.
Ọjọ́ kẹta, mo ní láti kúnlẹ̀ kí n tó rí i,
òjìji lásán,
bí ìgbà tí ìkùukùu kékeré bá kọjá lórí òrùlé.
Ọjọ́ kẹrin ìbá mú un lọ.
Ọ̀sán gangan, oòrùn ṣì ń mú,
mo ká ẹ̀wù náà nílẹ̀.
Mo ṣàn án. N kò fún un.
Mo tẹ̀ ẹ́ sáàárín táwẹ́ẹ̀lì, bí ẹni ń pa ìwé dé.

Zulmira dé lálẹ́, ìyẹ̀fun ní ìpéǹpéjú,
ó bá ọmọ nínú ẹ̀wù,
ó fi àtàǹpàkò kan àyà rẹ̀.
"Bàbá, ibí yìí ò mọ́ tán."
Mo ní mo mọ̀.
Kí n tó sọ ìdí rẹ̀,
Crispim ti bi wàrà tuntun síbẹ̀ gan-an.