Bébà Tó Máa Ya

Àǹtí Dọ́kásì ní kí n fi ọwọ́ yàn án,
kí n má fi ojú rà á.
Ojú a máa ra ohun tó ń dán,
ọwọ́ ló mọ ohun tó máa ya.

Ìsàlẹ̀ Afọ́n ni ṣọ́ọ̀bù wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́rọ ata,
tí ariwo ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ń mú sísọ́ọ̀sì jó lórí tábìlì.
Àpò àjákù mẹ́ta ń bẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi:
àǹkárá, léèsì,
etí aṣọ òkè ẹnìkan tí kò padà wá gbà á.
Mo fẹ́ rán aṣọ ìbora fún ọmọ Ìbíwùmí,
ogún ìràwọ̀, igun mẹ́jọ mẹ́jọ.
Àjákù mìíràn kò ju àtàǹpàkò lọ;
aṣọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ a máa sá fún abẹ́rẹ́
àfi bó bá rí bébà dì mú.

Bébà sìmẹ́ńtì ni mo kọ́kọ́ mú.
Mo gbọn eruku rẹ̀ nù, mo fa ìlà sí i,
mo kọ oókan, eéjì, ẹẹ́ta sí igun kọ̀ọ̀kan.
Ó gba abẹ́rẹ́, kò sọ̀rọ̀.
Ìgbà tó yẹ kó lọ, kò lọ.
Mo fà á, òwú bá a jáde,
ìràwọ̀ mi di ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.
Àǹtí ní, "Àlejò tí kò mọ ọ̀nà ilé nìyẹn."

Ìwé ìròyìn rọ̀ ní tirẹ̀, ó yá ya.
Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé áyọ́ọ̀nù lé e,
orúkọ olóṣèlú kan lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun.
Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣì ń díje.

Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ń yọ̀.
Ìwé ọmọléèwé fẹ́rẹ̀ẹ́ dára;
ó nípọn díẹ̀, igun kò mú.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo ṣí àpótí Bàbá.
Létà Yéńdì wà níbẹ̀, èyí tó ń kọ sí Ìyá
kí wọ́n tó ní kí àlejò Gánà máa wálé:
bébà aláwọ̀ ojú ọ̀run, tín-ín-rín bí èèpo àlùbọ́sà.
Mo fi lé orí àwòrán ìràwọ̀,
gbogbo ìlà hàn gedegbe.
Mo fi ọwọ́ mú un.
Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, mo sì kórìíra ohun tí ọwọ́ mi mọ̀.

Bàbá ló rán an.
Ṣé kí èmi náà wá rán an?

Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò dé ìdí ẹ̀rọ.
Lẹ́yìn náà mo mú ìwé ọmọléèwé, èyí tí kò bá ìràwọ̀ mu,
mo da ọ̀rọ̀ Bàbá kọ síbẹ̀ lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì,
títí kan ibi tó ti ṣi "ìlẹ̀kẹ̀" kọ,
títí kan ìṣirò gbèsè abọ́ tánganran tí kò jọra.
Ìgbà yẹn ni mo tó dín ojú abẹ́rẹ́ kù,
kí ihò sún mọ́ ihò.

Ó ya. Ẹ gbọ́, ó ya bí ẹni ń bó ẹ̀pà sísun!
Ó ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ:
"ẹ kí...", "bí òjò bá...", "ìyá rẹ ńkọ́",
òwú kankan kò sì bá a lọ.
Àǹtí Dọ́kásì kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.
Ó gbá a jọ fúnra rẹ̀, ó wẹ̀ ẹ́ sínú gèlè.

Ẹyọ kan há sábẹ́ ojú rírán,
ní ìràwọ̀ kẹtàdínlógún,
píìnì kò lè yọ ọ́.
"Iyọ̀ náà ti dé," ohun tó wà lára rẹ̀ nìyẹn.
Iyọ̀ wo? Mi ò mọ̀.
Bí ọmọ bá yíra padà, ó máa ń dún fììrì.
Mo sọ fún Ìbíwùmí pé omi àkọ́kọ́ á mú un lọ.
Ó ní òun ń sá a sóòrùn ná.