Ibi tí Ikán Jẹ

Ní Ìsánlú, lẹ́yìn ilé Ìyá Bámitálẹ́,
Tíṣà Otítọ́jù ṣí ìwé kan tí kò lẹ́yìn mọ́:
orin àwọn ọ̀mùtí Ìlú Ọba,
láyé ìgbà tí ọba wọn ń dé irun onírun.
Ó ń kà, ó ń túmọ̀, ó ń nu ìfófó ẹmu lẹ́nu.

Aránbàtà kan, ó ní, ta ibùsùn fi mutí.
Ó ta ìrọ̀rí. Ó kù díẹ̀ kó ta ìyàwó.
Ìyàwó fi omorógùn lé e dé inú odò;
ó ní ẹja lòun wá rà.
Owóníyì rẹ́rìn-ín títí, ó da ẹmu sí ṣòkòtò:
"Àwọn òyìnbó yìí! Mo ṣe bí tíì nìkan ni wọ́n ń mu!"

Ìyá Bámitálẹ́ ò rẹ́rìn-ín.
Ó ń wo ilà èédú lára ògiri;
ti Owóníyì ti kọjá fèrèsé.
"Òkun o, Tíṣà. Obìnrin tó ta ọtí fún un ńkọ́?
Ó rówó ẹ̀ gbà?"

Tíṣà ṣí ewé kan. Ó ṣí òmíràn.
Ikán ti jẹ ìyókù.

"Ẹn-ẹ́n," ló wí, ó gbé kèrègbè kúrò níwájú wa,
"ibi tí gbèsè wà gan-an nìyẹn."