Dọ́ọ̀jì Jósáyà

Lẹ́yìn ilé wa ní Ìsánlú-Ìsin, lábẹ́ igi irúgbá,
Dọ́ọ̀jì kan wà níbẹ̀ tí kò ní táyà mọ́.
Bí o bá fẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, rọra:
àgbébọ̀ kan ń sàba níbẹ̀, á ṣá ọ lọ́wọ́.

Wọ́n ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rọ ọ́ nígbà ogun Hítílà,
pé ṣọ́jà ló kọ́kọ́ wà á,
pé nígbà tí ìbọn dákẹ́, wọ́n lù ú ní gbàǹjo l'Ápápá.
Jósáyà Fátóyìnbó, oníṣòwò obì,
da èrè ọdún mẹ́ta lé e,
ó bá a wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ọ̀fà bí ẹni ń sin ìyàwó bọ̀ wálé.
Orí àti egungun lásán ni nígbà náà. Kò lára.
Gbẹ́nàgbẹ́nà ará Òró ló fi ìrókò ṣe ara fún un,
ó kọ ọ́ sí i níwájú, lẹ́tà pupa gàdàgbà:
BÍ Ó PẸ́ BÍ Ó YÁ.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni sítíárì rẹ̀ wà,
ọwọ́ òsì náà sì ni gbogbo ìlú ń gbà lójú títì.
Ẹ̀gbẹ́ igbó ni Láníyọnu dẹ́rẹ́bà jókòó sí,
eèsún ló ń rí, kò rí ẹni tí ń bọ̀.

Bí bàbá bàbá mi ṣe ríṣẹ́ nìyẹn.
Bùráímọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá:
kó yọrí ní fèrèsé ọ̀tún, kó máa ké
"Ọ̀nà mọ́!"
tàbí "Dúró o, Fúlàní ń bọ̀ tòun ti màlúù!"
Láníyọnu ló ni ọwọ́, òun ló ni ojú.
Wọ́n jà lẹ́ẹ̀kan, l'Ókè-Onígbìn, lórí ẹran ìgalà,
ọjọ́ mẹ́fà gbáko wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.
Ìka ló fi ń lu òrùlé ọkọ̀ lọ́jọ́ mẹ́fà náà:
ẹ̀ẹ̀kan, máa lọ; ẹ̀ẹ̀mejì, tẹ bíréèkì.
Iṣu Ìgbàjà, obì, àga ṣọ́ọ̀ṣì,
aboyún kan tí kò lè dúró de Ọ̀mù-Àrán
(Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọmọ náà; ó ti dàgbà, ó ti kú).
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba ní
ó yá, kí gbogbo ọkọ̀ ṣí sí ọ̀tún.
Lọ́jọ́ náà, àwọn lọ́rì yòókù ń táràrà bí afọ́jú.
Láníyọnu nìkan ló rí títì gbangba.
Ó ní, "Háà! Báyìí ló ṣe fẹ̀ tó?"
Bàbá bàbá mi yọrí ní ọ̀tún.
Eèsún.

Kò sẹ́ni tó ní kó lọ.
Ó kàn jókòó, ó kó ọwọ́ sáàárín itan,
nígbà tí wọ́n dé Àjàṣẹ́, ó ní òun fẹ́ tọ̀.
Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan ti Ìlọrin wá, ó ń ya fọ́tò.
Ìkán ti jẹ pákó iwájú, ó ku BÍ Ó PẸ́.
Ó ní òyìnbó kan ń wá irú rẹ̀ kiri, yóò dá a padà sílé,
yóò san owó tó lè ra ọ̀kadà mẹ́ta.
Ìyá àgbà ní, "Ilé wo?"
Ẹ́ńjìnnì, ti Bẹ́dífọ́ọ̀dù ni.
Bíréèkì, alágbẹ̀dẹ Ṣàárẹ́ ló rọ ọ́.
Ìjókòó, awọ màlúù.
Ohun tó ṣẹ́ kù fún Amẹ́ríkà lára rẹ̀
kò ju ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi sítíárì sí lọ.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn.
Bàbá àgbà, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́jọ,
yọrí ní fèrèsé yàrá, ó kígbe:
"Ọ̀nà mọ́!"

Ọ̀nà ò mọ́. Odó ìyá àgbà wà níbẹ̀.
Ọkùnrin náà ò tíì padà wá.
Àgbébọ̀ ti pa mẹ́jọ.