Apẹ̀rẹ̀ Tí Kò Nídìí

Fílémónì ni wọ́n sà á mì sí,
ṣùgbọ́n gbogbo Ìjọmu ló ń pè é ní Ọ̀pá-Kòkó,
torí láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá
ni kò ti mú ọ̀pá dání mọ́ lóko bàbá rẹ̀ ní Ọ̀dà.
Ọwọ́ lásán ló fi ń já kòkó.

Ọdún tí kòkó gbówó lórí,
bàbá rẹ̀ kó àpò mẹ́tàdínlógún sórí ìwọ̀n.
“Lọ kọ́ ìṣègùn wá.”
Ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ,
òun àti èébì, àti àádùn inú agolo.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kò bi í ní ohun tó mọ̀.
Wọ́n wo ibi tí orí rẹ̀ dé lára ilẹ̀kùn,
wọ́n sì ju bọ́ọ̀lù sí i.
Ó ní ilẹ̀ pákó ibẹ̀ ń dán,
ó ń han lábẹ́ bàtà bí ọmọ adìyẹ.
Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ tó fò, tó sọ ọ́ wọlé,
ariwo bẹ́ bí òjò lórí páànù,
ó sì wẹ̀yìn wò,
ó ń wá ẹni tí wọ́n ń hó fún.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹgbẹ́ wọn lọ jẹun.
Àwọn tó kù wọlé.
Wọ́n gbé tirẹ̀ wá bá a nínú bọ́ọ̀sì,
nínú bébà, ó ti tutù.
Ó ka fèrèsé ilé oúnjẹ náà. Mẹ́rin.
Mo bi í léraléra pé kí ló tún ṣẹlẹ̀.
“Mẹ́rin,” ló máa ń wí.

Lẹ́tà dé Akúrẹ́, fọ́tò wà nínú rẹ̀:
Fílémónì lófurufú, nínú ṣòkòtò péńpé.
“Kí ló ń sọ nǹkan sí yìí?”
“Apẹ̀rẹ̀ ni, Bàbá. Kò nídìí.”
Arúgbó dákẹ́ títí.
“Àpò mẹ́tàdínlógún,” ló wí. “Gbogbo rẹ̀ ti jò.”

Orúnkún yẹ̀ lọ́dún kẹta.
Àwọn tó ń hó ti rí ẹlòmíràn.
Ìwé ẹ̀rí ìṣirò ló gbé bọ̀, kì í ṣe ti ìṣègùn,
àti ẹsẹ̀ kan tó ń mọ òjò kí òjò tó ṣú.

Èmi ni mo di àkàbà mú
lọ́jọ́ tó kan rímù kẹ̀kẹ́ mọ́ igi àgbálùmọ̀
lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa, lọ́nà Ọba-Ilé.
A fi í rẹ́rìn-ín.
Bàbá rẹ̀ wá wòran lẹ́ẹ̀kan, tòun ti ọ̀pá ìtìlẹ̀.
Bọ́ọ̀lù wọlé, ó jábọ́, ó yí lọ sẹ́sẹ̀ arúgbó.
Arúgbó wò ó.
Ó fi ọ̀pá tì í padà.
Ìjà ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn, ibẹ̀ ló parí sí;
n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ ẹnì kan.

Kérésì tó kọjá, mo mú un lọ síbẹ̀.
Ó na ọwọ́ sókè, ọwọ́ kò dé ibi tó ń dé.
“Ta ló gbé rímù yìí ga?”
“Igi ló dàgbà, Sà.”
Olùkọ́ ìṣirò ni. Ó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.
Ó fọwọ́ pa èèpo igi náà.
“Igi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀,” ló wí.