Àlàfo Kẹsàn-án

Iná ti lọ láti aago mẹ́wàá.
Mo gbé orí amọ̀ kẹrìnlélógójì kúrò lórí pẹpẹ,
ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ agbẹ̀bí,
mo gbé e lé tìmùtìmù, mo tan tọ́ọ̀ṣì.

A kì í tanná wo amọ̀ láti iwájú.
Iwájú a máa purọ́.
Ẹ̀gbẹ́ ni kí o ti tàn án, kí ìmọ́lẹ̀ máa rá lára rẹ̀,
nígbà náà ni ohun tó ti ń dákẹ́ yóò dìde:
ilà ojú tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí òjò lára fèrèsé,
ibi tí iyanrìn ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Fọ́ọ̀mù mi ní àlàfo mẹ́wàá.
Gíga: sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógún àti ààbọ̀.
Àwọ̀: pupa bí eruku ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà,
àfi abẹ́ àgbọ̀n, níbi tí èéfín ti sùn.
Imú: ó pé.
Ètè: ó pé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n kò sí àlàfo fún ẹ̀rín.

Ọrùn: ó sán, ìka mẹ́ta ní gígùn.
Mo wo ìwé àtijọ́: ìka mẹ́ta náà ni.
Ohun tí kò bá pọ̀ sí i, ká dúpẹ́.

Etí òsì.

Mo mu omi.
Níta, ní Ẹnuwá, ọlọ́kadà kan ń bá èrò jà nítorí ṣénjì.

Etí òsì: ó ṣẹ́ ní ṣóńṣó, kò ju èékánná ọmọdé lọ.
Ojú ibẹ̀ ṣì mọ́. Eruku kò tíì mọ ọ̀nà débẹ̀.
Ojú tó bá kọ́ṣẹ́ yìí
mọ egbò àná yàtọ̀ sí egbò àwọn baba.

Àlàfo kẹsàn-án ń bi mí: Kí ló fà á?

Mo lè kọ òjò. Òjò jò wọlé lóòótọ́, lálẹ́ Ọjọ́rú.
Mo lè kọ ogbó.
Mo lè kọ èyí tí gbogbo wa fẹ́ràn jù: a kò mọ̀.
Ta ni yóò bi mí? Amọ̀ kì í jẹ́rìí.
Mojírayọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti lọ jẹun ní Lágere,
kò sì sí níbẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́rú
tí mò ń sáré kó wọn kúrò nínú omi,
tí mo gbé méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
tí mo gbọ́ ọ, kékeré,
bí ìgbà tí eyín bá fọ́ ẹ̀pà.

Mo tún ṣí ìwé àtijọ́,
mò ń wá bí wọ́n ṣe ń purọ́ kó gún.
Bàbá Ajíbóyè ló kọ ọ́, n kò bá a láyé.
Lẹ́tà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fì sọ́tùn-ún bí igi àgbọn,
yíǹkì rẹ̀ ti di àwọ̀ tíì.
Ọrùn. Ó sán. Ìka mẹ́ta. Kí ló fà á?
"Ọwọ́ mi ló yọ̀.
Mo kọ ọ́ síbí kí ẹni tó ń bọ̀
má baà fẹ̀sùn kan ilẹ̀."

Mo jókòó.
Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, wọ́n wí bẹ́ẹ̀.
Yàrá yìí kì í ṣe ọjà.

Mo kọ Ọjọ́rú. Mo kọ òjò. Mo kọ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Mo kọ Ọmọ́tádé Faléyẹ, ó gùn kọjá ilà,
ó wọ inú àlàfo kẹwàá lọ.
Mo di èérún etí náà sínú bébà, mo kọ nọ́ńbà sí i.

Mojírayọ̀ dé, ó ń rùn fún dòdò.
"Mà, ẹ ti parí?"
Mo ní kó fọwọ́, kó nù ún gbẹ,
kó fà àga súnmọ́ mi,
kó kà á sókè láti àlàfo kìíní.