Ọkàn Àlùbọ́sà

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni Rábíátù máa ń kanlẹ̀kùn.
Kì í pè mí, kì í fọn fèrè ọkọ̀.
Ìka kan, ẹ̀ẹ̀mejì,
bí ẹni ń tẹ ikùn aláboyún wò.
Agbẹ̀bí ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ariwo.

Nígbà tí a bá dé ẹ̀yìn pápá ní Ìkòyí,
Jímọ̀ ará Ìlọrin á ti bu omi, á ti di gàárì.
Ó ní, "Ẹ̀yin ìyàwó oníyàwó,
ṣé ẹ ti sọ nílé pé kìlómítà ogójì ni?"
A rẹ́rìn-ín.
Rábíátù kò ní ọkọ mọ́.
Èmi kò tíì sọ.

Àlùbọ́sà ni tèmi, ẹṣin pupa
tí irun ara rẹ̀ ń bó ní ìpele-ìpele lásìkò ọyẹ́.
Kọ́bọ̀ ni tirẹ̀, kúkúrú, ọlọ́gbọ́n,
tó máa ń wo afárá kó tó wo ẹni tó gùn ún.
Ẹṣin pólò ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀.
Ìṣẹ́jú méje ni gbogbo ayé wọn:
sá, yí, sá, kí agogo dún,
kí ẹlòmíràn gba ìjánu.
Ta ni yóò ṣàlàyé fún ẹran tí agogo tọ́ dàgbà
pé ọ̀nà kan wà tí kò ní agogo?

Ọjọ́ Àìkú, a ó gba Ọbáléndé, a ó kọjá Àpọ́ńgbọ̀n,
a ó rọra gun Afárá Kátà kí mọ́tò tó jí.
Ọ̀sà ń mí lábẹ́ wa.
Ní Ìddó, agbálẹ̀ kan gbé ìgbálẹ̀ dúró:
"Ọba wo ló ń bọ̀?"
"Kò sí ọba, ìyá. Àwa náà ni."

Nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta,
lábẹ́ igi fúrúntù, la ti ń sọ̀ kalẹ̀ kà.
Rábíátù á ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ìgúnpá ẹṣin, á dijú,
èmi á di aago mú.
Òfin eré náà le:
kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, kí ọkàn ẹṣin ti rọlẹ̀
sí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.
Bí kò bá rọlẹ̀, dókítà ẹran á ní kí o máa lọ sílé,
ì báà jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ dé.

Kọ́bọ̀: ọgọ́ta. Ó ti ń jẹ koríko.
Àlùbọ́sà: méjìléláàádọ́rùn-ún.
Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó dúró sórí ọgọ́rin
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.
Etí rẹ̀ nà. Agogo ló ń retí.

Ọ̀sẹ̀ keje, ìṣó kan lórí afárá wọ pátákò Kọ́bọ̀.
Rábíátù fi ẹsẹ̀ fà á padà sí Ìkòyí,
kò sunkún, kò bá mi sọ̀rọ̀.
Mo rò pé ó tán.
Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e: ìka kan, ẹ̀ẹ̀mejì.
Kẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀ ló gùn wá.
"Kí lo wá ṣe?"
"Mo wá ka ọkàn."

Lábẹ́ igi, ó kọjá lára ẹṣin,
ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.
Ó kà á títí. "Mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún.
Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré,
ta ni ẹṣin ń wò dúró?
Jókòó."

Mo jókòó sórí irin àtijọ́ tó ti dípẹtà.
Ó bó ẹ̀pà fún mi.
Mo sọ ohun tí n kò tíì sọ nílé,
àti ìdí tí n kò fi sọ ọ́.
Kò dá mi lóhùn. Ó ń bó ẹ̀pà.
Lẹ́yìn wa, Àlùbọ́sà mí kanlẹ̀,
ó tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sílẹ̀,
etí rẹ̀ wó sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Rábíátù dìde, ó nu ọwọ́ nù, ó dijú.
"Mẹ́rìndínláàádọ́rin."
Ó ku méjì.
Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún.